Ẹ Bi Ìyá Alátẹ̀wé: Ẹ̀rọ Wo Ni Kí N Fi Tẹ Àwòrán Inú Ilé?

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Abẹ́òkúta ni mo wà. Roll-up, bánà tó ń ká wọ inú ìdúró rẹ̀, ni mò ń ṣe, àti àwòrán ara ògiri fún ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìtajà. Títí di ìsinsìnyí, Ṣómólú ni mo máa ń gbé iṣẹ́ lọ, nígbà mìíràn mà á sun Èkó kí wọ́n tó bá mi tẹ̀ ẹ́ tán. Mo ti kó owó díẹ̀ jọ, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa yóò sì yá mi díẹ̀ kún un. Ẹnìkan fẹ́ ta ẹ̀rọ fílẹ́ẹ̀sì oní-fíìtì-mẹ́wàá fún mi. Ẹlòmíràn ní ẹ̀rọ oníyíǹkì latex tòkunbọ̀ ló dára jù. Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀rọ oníyíǹkì eco-solvent ni kí n rà, pé kí n fi láminétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rá bo àwòrán, sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn? *Ayàwòrán, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú ìmúra iṣẹ́. Ẹni mẹ́ta ló gbà ọ́ nímọ̀ràn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí mo gbà fún délẹ̀délẹ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ dá oní-fíìtì-mẹ́wàá lóhùn, kó máa lọ ilé rẹ̀. Ìta gbangba ni ẹ̀rọ yẹn wà fún. Bánà tí wọ́n ń so mọ́ afárá, pátákó tí èèyàn ń wò látinú mọ́tò, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Yíǹkì solvent tó le ló ń mu, ẹ̀kán rẹ̀ tóbi, òórùn rẹ̀ kì í sì í tètè kúrò nílé. Ẹni tó jókòó síbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, bó bá na ọwọ́, ó máa kan ògiri. Yóò rí ẹ̀kán yíǹkì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì gbóòórùn rẹ̀, ara rẹ̀ ò sì yá tẹ́lẹ̀.

Tún wo iṣẹ́ tí o kà sílẹ̀ fún mi. Roll-up tó wọ́pọ̀, sẹ̀ǹtímítà 85 ni ìbú rẹ̀, 200 ni gíga rẹ̀. Sítíkà tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri, bó ṣe ń wọlé látòkè òkun, mítà 1.27, 1.37 tàbí 1.52 ni ìbú róòlù rẹ̀. Kò sí èyí tí ẹ̀rọ mítà 1.6 ò lè gbà nínú wọn. Ògiri tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó pín àwòrán rẹ̀ sí abala-abala, a ó sì jẹ́ kí etí ọ̀kan gun èkejì díẹ̀ nígbà tí a bá ń lẹ̀ ẹ́. Bó o bá ra fíìtì mẹ́wàá, fíìtì márùn-ún nínú rẹ̀ á kàn máa jókòó tì ọ́ ni.

Ó wá ku latex àti eco-solvent. Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ rà á. Àkọ́kọ́: inú ilé ta ni àwòrán náà ń lọ? Èkejì, tí àwọn èèyàn kì í rántí: ọjọ́ wo ni oníbàárà máa wá gbà á?

Eco-solvent kì í gbẹ nígbà tó bá gbẹ lójú. Bó o bá fọwọ́ kàn án, ó ti gbẹ. Ṣùgbọ́n èròjà tó ń gbé àwọ̀ inú rẹ̀ ṣì wà nínú sítíkà, ó ń rọra fò jáde. Wákàtí 24 ni kó o fún un, ó kéré tán, kó o tó fi ọ̀rá bò ó. Ní ìgbà òjò, èmi máa ń fún un ní 48, pàápàá tí àwọ̀ bá nípọn. Má ká a mọ́ra pinpin ní gbogbo àkókò yẹn o. Jẹ́ kí róòlù tú sílẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ, kó o gbé e nàró, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Bó o bá kánjú bò ó, èròjà yẹn á há sábẹ́ ọ̀rá, á wọnú góòmù, góòmù á rọ̀, etí á ká, oníbàárà á sì padà wá. O sì mọ àwọn oníbàárà wa: ọ̀sán Jímọ̀ ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ wá, àárọ̀ Sátidé ni wọ́n fẹ́ gbà á.

Níbi yìí gan-an ni latex ti lágbára. HP ló gbé e jáde lọ́dún 2008. Omi ló pọ̀ jù nínú yíǹkì rẹ̀, hítà inú ẹ̀rọ ló sì ń sè é gbẹ lórí sítíkà. Bó bá ti ń jáde lo lè máa fi ọ̀rá bò ó. Kò ní òórùn kan tí a lè máa sọ, ó sì ní ìwé ẹ̀rí Greenguard Gold, èyí tó jẹ mọ́ afẹ́fẹ́ inú ilé, tó fi jẹ́ pé ilé ìwòsàn àti ilé ìwé tó bá mọ ohun tó ń ṣe á béèrè fún un. Hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pàápàá, ibi tí yíǹkì ti ń jáde, ìwọ fúnra rẹ lè yọ ọ́ kó o fi tuntun sí i. Ti eco-solvent kì í ṣe nǹkan tí ọwọ́ àìmọṣẹ́ ń kàn.

Àmọ́ hítà yẹn ń jẹ iná. Ẹ̀rọ latex kékeré pàápàá máa ń fa ju kílówáàtì méjì lọ nígbà tó bá ń tẹ̀wé, a ò tíì ka ẹ̀rọ amúlétutù, kọ̀ǹpútà àti láminétọ̀ mọ́ ọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná Band A fò lọ sí ₦225 fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan. Ó rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Bí àdúgbò rẹ ò bá sì sí ní Band A, jẹnẹrétọ̀ ló máa bá ọ gbé e. Latex kò fẹ́ràn jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣe ségesège. Ooru hítà rẹ̀ tún máa ń ká àwọn ohun èlò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kò.

Ti tòkunbọ̀ ńkọ́? Kó o tó sanwó, ní kí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ ìlò ẹ̀rọ náà jáde níṣojú rẹ, kó o rí iye tó ti tẹ̀ láyé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta yíǹkì rẹ̀, kó o di àpótí yíǹkì náà mú lọ́wọ́, kó o ka déètì ara rẹ̀. Àpótí yẹn ní ṣíìpù, ẹ̀rọ náà sì mọ ìgbà tí déètì bá ti kọjá. Mo mọ àwọn tó ra ẹ̀rọ lówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ yíǹkì ló sọ wọ́n di onígbèsè.

Ìmọ̀ràn tèmi: bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ni ìdajì owó tó ń wọlé fún ọ, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n á ti máa ṣe é, wá latex. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ra eco-solvent mítà 1.6, kó o sì máa sọ fún oníbàárà lọ́jọ́ tó bá gbé iṣẹ́ wá pé ọjọ́ kẹta ni. Àwọn tó bá gbó lẹ́nu, jẹ́ kí wọ́n máa lọ Ṣómólú.

Lórí orúkọ ẹ̀rọ, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Roland, Mimaki, Mutoh àti Epson, Japan ni wọ́n ti ń wá. Owó wọn ga, ọkàn èèyàn sì máa ń balẹ̀ tì wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń bọ̀ láti Ṣáínà, hẹ́ẹ̀dì Epson kan náà ló wà nínú wọn. Hẹ́ẹ̀dì XP600 ò wọ́n, kì í sì í pẹ́ láyé. i3200 wọ́n jù ú lọ, ó yára jù ú lọ, ó sì ń tọ́jọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì sí mi ni ẹni tó máa wá bó bá dákẹ́. Bi olùtajà pé kó mú ọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù méjì ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn tó ń lo irú ẹ̀rọ yẹn gan-an. Bí kò bá rí méjì mú, má dá a lóhùn mọ́. Nígbà tó o bá débẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ni kó o bá sọ̀rọ̀, má wulẹ̀ bá ọ̀gá wọn sọ ọ́.

Nígbà tó bá dọjọ́ tí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ hàn ọ́, má gba àwòrán òdòdó òyìnbó tí olùtajà ti tọ́jú sínú kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó mọ bí òdòdó yẹn ṣe pọ́n tó nígbà tó wà lórí igi. Mú fáìlì tìrẹ lọ. Èyí tí èmi máa ń mú lọ nìyí: ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹnìkan pupa, ẹnìkan dúdú bí kóró iṣin, gbogbo wọn nínú fọ́tò kan ṣoṣo. Iyùn wà lọ́rùn ìyàwó, ẹnìkan wọ léèsì funfun, àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn wọ ṣányán, ẹtù àti aláàárì. Mà á tún fi àpótí aláwọ̀ eérú kan tó dọ́gba látòkè délẹ̀ sí i, àti lẹ́tà wínníwínní nísàlẹ̀. Bójú ẹni dúdú bá pọ́n bí ẹni tó ń bínú, bí ṣányán bá ní àwọ̀ ewé lára, bí ẹtù bá di àlùkò, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lè má burú o. Pírófáìlì, ìyẹn ètò tó ń sọ bí yíǹkì ṣe máa pọ̀ tó lórí irú sítíkà kan, tó wà nínú RIP (ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé) ni kò bá sítíkà yẹn mu. Ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tún un tẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ tà á fún ọ kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ pírófáìlì, o ti rí ìdáhùn rẹ gbà. Ẹ̀rọ tó ní yíǹkì cyan (búlúù) àti magenta (pupa tó fẹ́ jọ àlùkò) fífúyẹ́ kún àwọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ máa ń rọ ara èèyàn lọ́rùn, àwọ̀ ò ní máa fò láti ibi dúdú sí ibi títàn. Àpótí eérú yẹn ní tirẹ̀ á fi ìlà hàn ọ́: bó o bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú rẹ̀, wọn ò tíì ṣètò bí bébà ṣe ń rìn, tàbí kó jẹ́ pé hẹ́ẹ̀dì ti dí níbì kan.

Ìtẹ̀ inú ilé, 720 sí 1440 dpi (iye ẹ̀kán yíǹkì nínú ínṣì kan) ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n fi ìtẹ̀ kíákíá ti bánà hàn ọ́.

Ọ̀rọ̀ iná fún eco-solvent: hítà rẹ̀ ò le tó ti latex, ṣùgbọ́n NEPA ni ọ̀tá hẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, hẹ́ẹ̀dì á dúró síbi tó wà láìní ìdérí, yíǹkì ẹnu rẹ̀ á gbẹ. Fi ínfátà tàbí UPS sí i tó lágbára tó láti jẹ́ kó parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó padà sí ibùsùn rẹ̀. Má fi pamọ́ láìtàn án títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Tẹ àyẹ̀wò hẹ́ẹ̀dì láràárọ̀, kódà bí kò bá síṣẹ́. Ìgbà ọyẹ́ tún ni ti ara rẹ̀. Ọ̀rinrin inú yàrá yẹ kó wà láàárín 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọyẹ́ bá mú un wálẹ̀, hẹ́ẹ̀dì á máa gbẹ, sítíkà á sì máa fa eruku mọ́ra. Mítà kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin ò wọ́n rárá, ra ọ̀kan kó o gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ.

Mo wá dé orí ọ̀gá rẹ, tó ní kó o fi láminétọ̀ sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n rárá. Àwọn ògiri ilé ìwòsàn, sípíríìtì àti ọṣẹ ni wọ́n fi ń nù ún. Bó o bá fi sípíríìtì nu yíǹkì eco-solvent tí kò ní ọ̀rá lórí, àwọ̀ á bá aṣọ ìnulẹ̀ lọ. Roll-up ní tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fà á jáde tí wọ́n ń ká a wọlé ló ń họ ọ́. Bí owó bá fẹ́ dínkù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni kó o gé owó lórí rẹ̀. Ra èyí tí kò yára tó bẹ́ẹ̀, kó o fi ìyókù ra láminétọ̀ tó gbà.

Láminétọ̀ tútù ni mo ń sọ, irú èyí tí rólà òkè rẹ̀ lè móoru díẹ̀, tó fi dé 50 tàbí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí ìbú rẹ̀ má kéré sí ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kí ó ní ibi tí bébà ẹ̀yìn ọ̀rá ń ká sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ iṣẹ́ kan á kàn máa fi ọjọ́ ayé rẹ̀ fà á ni. Kí o tó sanwó, gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, ti ọ̀kan bọ apá òsì rólà, ọ̀kan àárín, ọ̀kan apá ọ̀tún, kí wọ́n sọ rólà kalẹ̀, kó o wá fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Agbára kan náà ni kí o fi fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọ̀kan bá yọ wẹ́rẹ́ tí èkejì sì ya, tí wọn ò sì lè tún un ṣe níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ á máa wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ayé. Àwọn tó ń fi ọwọ́ yí náà wà, wọ́n dára fún pátákó kékeré, ṣùgbọ́n mítà márùn-ún sítíkà nínú rẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí fún ọ.

Fún ilé ìwòsàn, ọ̀rá tí kò dán ni kó o lò. Iná gíláàsì inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn á máa kọ mànà lórí èyí tó ń dán, kò sẹ́ni tó máa lè ka ìkọ̀wé rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù aṣọ fẹ́ kó máa dán, fún un ní tirẹ̀.

Nígbà tó o bá ń ṣírò iye owó, rántí pé róòlù mítà 1.37 tó gùn ní mítà 50, sukuéà fíìtì 737 ni. O ò ní tà á tán. Roll-up kan tó gba sẹ̀ǹtímítà 85 á ṣẹ́ 52 kù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó o ò bá fi sítíkà kéékèèké kún ẹ̀gbẹ́ yẹn, ìwọ lo ra á, ìwọ náà lo jù ú nù.

Ìbéèrè: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ní láminétọ̀ tútù. Bí mo bá bo àwọ̀ dúdú tàbí búlúù, nǹkan funfun wínníwínní bí eérú máa ń wà lábẹ́ ọ̀rá. Àwọ̀ fífúyẹ́ kì í ní i. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, etí rẹ̀ á tún ká sókè. Ṣé ọ̀rá ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? *Alàgbà, Ìlọrin*

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má tíì bá ẹni tó ta ọ̀rá jà. Funfun wínníwínní yẹn, afẹ́fẹ́ ni. Ibi tí àwọ̀ bá ti dúdú, yíǹkì ti pọ̀ níbẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Góòmù tó bá tutù kì í ṣàn wọnú gbogbo kòtò kéékèèké yẹn. Ó wà lórí àwọ̀ fífúyẹ́ náà, ojú yín ni kò rí i. Bí láminétọ̀ yín bá ní hítà, ẹ gbé e sí 40 tàbí 50, ẹ dín eré rẹ̀ kù, ẹ fi kún bí rólà ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá ní hítà, ẹ má ṣe é láàárọ̀ ọyẹ́. Ẹ dúró di ọ̀sán, nígbà tí yàrá àti ọ̀rá bá ti móoru. Ẹ tún fún un ní ọjọ́ kan tàbí méjì kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́, torí góòmù á ṣì máa tẹ̀síwájú fúnra rẹ̀, òmíràn á pòórá.

Ti etí tó ń ká, nǹkan mẹ́ta ló lè fà á, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ló sì máa ń jẹ́ kí n mọ̀. Bó bá jẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ti fa ọ̀rá jù: bíréèkì ọ̀pá tí róòlù ọ̀rá wà lórí rẹ̀ le jù, ọ̀rá sì ń gbìyànjú láti padà sí bó ṣe wà. Ẹ tú u sílẹ̀ títí yóò fi kàn tẹ́jú láìní ìkákò. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ bíi tiyín, ẹ ṣí igun kan kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí imú yín bá ta, tí góòmù sì rọ̀, yíǹkì ò tíì gbẹ nígbà tí ẹ bò ó. Ẹ wo ohun tí mo sọ fún ọmọ Abẹ́òkúta lókè. Bí kò bá ní òórùn, ẹ bi olùtajà irú sítíkà àti irú ọ̀rá tó kó fún yín. Oríṣi méjì ni ike tí wọ́n fi ń ṣe wọ́n: monomeric máa ń súnkì ju polymeric lọ. Bí ẹ bá fi ọ̀kan bo èkejì, wọn ò ní súnkì bákan náà, ọ̀kan á máa fa èkejì. Ẹ ra oríṣi kan náà.

Ẹ dákun, ẹ sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ kí wọ́n má fi bíléèdì gé nǹkan lórí rólà, kí wọ́n sì gbé rólà sókè kí wọ́n tó tilẹ̀kùn lálẹ́. Rólà tó bá sùn sórí ara wọn mọ́jú, lọ́jọ́ kan, á ní ibi pẹlẹbẹ, gbogbo iṣẹ́ tó bá gbà á kọjá á sì ní àmì yẹn.

Ìbéèrè: Màmá, láminétọ̀ gbígbóná tí mo fi ń bo ìwé ẹ̀rí àti kàlẹ́ńdà wà lọ́wọ́ mi. Ṣé mo lè fi bo sítíkà ògiri? *Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde*

Ìdáhùn: O ò lè ṣe é. Ìwọ̀n 100 sí 120 ni irú yẹn fi ń ṣiṣẹ́, bébà ló sì wà fún. Sítíkà á súnkì, bébà ẹ̀yìn rẹ̀ á wú, bí ooru bá sì pọ̀ jù, á lẹ̀ mọ́ rólà. Bó o bá ní àwòrán inú ilé tí o lè tẹ̀ sórí bébà fọ́tò, bo ìyẹn, kó o fi góòmù ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ fóòmù bọ́ọ̀dù, ó máa ń jáde dáadáa. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí yíǹkì bébà náà gbẹ di ọjọ́ kejì, pàápàá lóṣù kẹfà àti kẹsàn-án, nítorí ooru rólà á sọ ọ̀rinrin tó bá ṣẹ́kù sínú bébà di àpò afẹ́fẹ́ lábẹ́ ọ̀rá, kò sì sí bí a ti ń yọ ìyẹn.